Ewu tó lè yọjú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀nà iṣan tó fún nínú eegun ẹ̀yìn, àti bí ẹ ṣe máa tètè mọ̀ ọ́n

Iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ lọ sí apá, ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀ àti ìdí ń gba inú ihò kan kọjá láàárín eegun ẹ̀yìn. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ihò yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Oríkèé eegun á hù sí i, dísìkì tó wà láàárín eegun kan sí èkejì á wú sẹ́yìn, okùn ìyeyè tó so àwọn eegun náà pọ̀ á ki, gbogbo wọn á sì há iṣan mọ́. Iṣẹ́ dókítà ni pé kó la ọ̀nà náà padà. Á gé eegun tó bo ẹ̀yìn ihò, á yọ okùn tó ti ki, á sì ha ẹ̀gbẹ́ oríkèé díẹ̀díẹ̀. Bí eegun kan bá ń yọ̀ lórí èkejì, á tún fi skúrù àti ọ̀pá irin dè wọ́n, á sì kó eegun wẹ́wẹ́ sáàárín kí méjèèjì lè di ọ̀kan.

Ibi tí irinṣẹ́ dé ni wàhálà ti ń wá. Awọ tó bo iṣan fẹ́lẹ́, ó lè ya. Òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ yí iṣan ká, ó lè máa ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti rán ojú abẹ pa. Kòkòrò àìfojúrí lè wọlé. Eegun tí wọ́n gé lè mú kí ẹ̀yìn máa mì. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni àtúnṣe wà fún, àmọ́ àtúnṣe náà ní àsìkò, òmíràn kò sì dúró de ilẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi to ọ̀rọ̀ yìí bí aago ṣe ń lọ, láti wákàtí àkọ́kọ́ títí dé ọdún tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù

Ẹ má ṣe padà sílé láìní ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kí ẹnì kan nínú ilé náà sì mọ ibi tí ìwé ọ̀hún wà. Eegun wo ni wọ́n ṣe? Ṣé wọ́n fi irin sí i? Ṣé awọ tó bo iṣan ya nígbà iṣẹ́, ṣé wọ́n sì rán an? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa tú okùn ojú abẹ? Nọ́ńbà wo ni ẹ máa pè lóru? Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí ọkàn tàbí nítorí rọpárọsẹ̀, ọjọ́ wo gan-an ni ẹ máa padà sí i, báwo sì ni ìwọ̀n rẹ̀ ṣe máa rí?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, òun náà ló sì léwu jù. Ẹni tó tètè padà sí oògùn yẹn lè ṣẹ̀jẹ̀ sínú ibi tí wọ́n ṣe, ẹ̀jẹ̀ yẹn á sì tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Ẹni tó pẹ́ jù lè rí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹsẹ̀, nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí nínú ọpọlọ. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ àti dókítà tó ń tọ́jú ọkàn yín ló yẹ kó jọ dá ọjọ́ yẹn. Ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara, jọ wo bí agbára yín ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ sílé. Ẹ di nǹkan mú, kí ẹ fi gìgísẹ̀ rìn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, kí ẹ sì fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Ẹ jókòó kí ẹ na orókún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìka kan itan, ojúgun àti àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tó kú tàbí tí kò mọ nǹkan dáadáa sílẹ̀. Bí ẹ bá pe dókítà ní ọ̀sẹ̀ méjì sígbà yẹn, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi yín ni pé: “Ṣé ó ti wà tẹ́lẹ̀, àbí tuntun ni?” Ẹni tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ló lè dáhùn láìṣiyèméjì.

Wákàtí 48 àkọ́kọ́: ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ iṣan

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń kó jọ sí ibi tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ara á sì fa á mu. Èyí tó burú ni kí ó pọ̀ débi tí á fi há iṣan mọ́ inú ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kò wọ́pọ̀, àwọn tó máa ń padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ kò tó 1 nínú 100. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, òun ló ń sáré jù. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà míì lẹ́yìn tí wọ́n bá fa rọ́bà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò.

Báwo lẹ ṣe máa fìyàtọ̀ sáàárín rẹ̀ àti ìrora iṣẹ́ abẹ lásán? Ìrora iṣẹ́ abẹ máa ń dùn jù bí ẹ bá yí ara padà, á sì rọlẹ̀ bí ẹ bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tàbí tí oògùn bá ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ á ṣì lágbára bó ṣe wà, tàbí kó tiẹ̀ dára sí i. Ìrora ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ iṣan kì í gbọ́ oògùn. Ṣe ni á máa le sí i láti wákàtí dé wákàtí, á máa sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò ní lè gbé ara rẹ̀ mọ́, ìtọ̀ á sì há.

Ẹ má sọ pé “ara ń ro mí” nìkan, torí gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ohun tó yí padà: “Mo lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún láàárọ̀, mi ò lè gbé e mọ́ báyìí.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa gbé dókítà dìde. Ẹ ní kí ó wá dán agbára ẹsẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹun, ẹ má sì mu nǹkan títí wọ́n á fi sọ pé ó yá, torí wọ́n lè ní láti fún yín ní oògùn akunnilóorun lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n lè fọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ láàárín wákàtí bíi mélòó kan, iṣan sábà máa ń padà bọ̀ sípò. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, agbára tó lọ lè má padà tán.

Ibi tí èèyàn fi ń jókòó, àti ìtọ̀

Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìdìpọ̀ iṣan tó dà bí ìrù ẹṣin ló wà nínú ihò náà. Òun ló ń darí àpò ìtọ̀, ojú ihò ìdí, ojú ara àti awọ ibi tó máa ń kan ìjókòó kẹ̀kẹ́. Yálà ẹ̀jẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ ni o, tàbí ọyún, tàbí dísìkì, àmì kan náà ló máa ń fi hàn, a sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe tijú láti sọ ọ́.

Ìgbà tí ẹ bá ń nu ìdí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ ni ẹ lè fi yẹ ara yín wò lójoojúmọ́. Ṣé ẹ mọ bébà náà lára bákan náà lọ́tùn-ún lósì? Ṣé ẹ mọ̀ ìgbà tí ìtọ̀ ń jáde? Ṣé ẹ kàn rí i pé ìgbẹ́ bọ́ láìmọ̀? Bí abẹ́ bá kú lójijì, bí ẹ kò bá tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ tó sì jẹ́ pé ẹ ń mu omi, bí ìtọ̀ bá ń kán díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ tọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí ẹ forí lé, lóru yẹn gan-an.

Àìlètọ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè jẹ́ ti oògùn akunnilóorun àti oògùn ìrora bíi morphine, pàápàá fún ọkùnrin tí pírọ́sítéètì rẹ̀, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ti tóbi. Wọ́n á fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni abẹ́: ti oògùn kì í mú kí abẹ́ kú, kì í sì í mú ẹsẹ̀ rọ.

Omi tó ń jò

Àpò awọ kan ló di iṣan mọ́ra, omi tó mọ́ gaara sì wà nínú rẹ̀. Okùn tó ti ki lè lẹ̀ mọ́ awọ yìí, kó sì ya bí dókítà ṣe ń yọ okùn náà. Nínú èèyàn 100, nǹkan bí 5 sí 10 ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ó sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí wọ́n ti ṣe ẹ̀yìn fún tẹ́lẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni dókítà sábà máa ń rí i tí á sì rán an, ó sì lè gba pé kí ẹni náà dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ tó ya tí wọ́n sì rán dáadáa kì í sábà ba èrè iṣẹ́ abẹ jẹ́.

Èyí tí wọn kò rí, tàbí tí rírán rẹ̀ tú, ni ẹ máa ṣọ́ nílé. Ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ní ìwà kan tí kò ṣeé ṣì mọ̀: bí ẹ bá jókòó tàbí dìde, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ orí á máa fọ́ kíkankíkan, èébì lè máa gbé yín, etí lè máa hó, bí ẹ bá dùbúlẹ̀, á lọ. Omi tó mọ́ bí omi mímu lè máa rin báńdéèjì, tàbí kí ibi tó rọ̀ wú lábẹ́ ojú abẹ, tó máa ń tóbi sí i bí ẹ bá dúró. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fi ìka tẹ ibi tó wú. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gún un nílé. Ẹ yẹra fún fífún ara nígbà ìgbọ̀nsẹ̀, torí ṣe ni fífún ara máa ń ti omi náà jáde.

Bí ọrùn bá gan, tí ibà mú yín, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń dun ojú, kòkòrò lè ti gba ibi tó ya yẹn wọ inú awọ ọpọlọ. Ìyẹn kò ní sùúrù kankan nínú.

Ojú abẹ àti kòkòrò

Kòkòrò tó ń gbé lórí awọ ara wa ló sábà ń fa èyí, kì í ṣe ohun àjèjì kan. Ó máa ń bá láàárín 1 sí 4 nínú 100, ó sì pọ̀ jù níbi tí wọ́n bá fi irin sí. Àtọ̀gbẹ tí kò sí níkàáwọ́, sìgá, sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ àti àìjẹunre máa ń jẹ́ kí ó rọrùn fún kòkòrò. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bó ṣe ń wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ máa ń gbé ṣúgà sókè.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kàn án, ní gbogbo ìgbà. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Omi lè dà kọjá lórí rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bí dókítà bá gbà, àmọ́ ẹ má jókòó sínú omi, ẹ má sì lúwẹ̀ẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi dì pátápátá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Fífi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fi gbẹ omi rẹ̀, ẹ má nù ún. Ẹ má fi òróró, ìpara, àgúnmu tàbí àgbo kankan sí i. Okùn tí kì í yọ́ fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ lè má rí ẹ̀yìn ara yín, nítorí náà kí ẹnì kan máa ya fọ́tò rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Fọ́tò máa ń fi hàn bí pípọ́n bá ń ràn, ju bí ojú ṣe lè rántí lọ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹrin ni kòkòrò sábà máa ń fara hàn. Pípọ́n tó ń fẹ̀, ìgbóná, ọyún, òórùn, tàbí ojú tó tú lẹ́yìn tó ti dì: ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ibà tó dé 38°C tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀ náà ń kó sínú rẹ̀. Ẹ wọn ìgbóná ara kí ẹ tó lo paracetamol tó kàn, torí paracetamol máa ń bo ibà mọ́lẹ̀, ẹ sì lè rò pé ara ti balẹ̀. Ibà díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì sábà máa ń wá láti inú bí ara ṣe ń gba iṣẹ́ abẹ náà mọ́ra. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kẹta ni kó kọ yín lóminú.

Kòkòrò tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ojú abẹ lè dára lókè pátápátá, kí ó sì jẹ́ pé inú ihò dísìkì tàbí ẹ̀gbẹ́ irin ni ọyún wà. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn tó ti ń sàn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lákọ̀tun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, pàápàá lóru, tí yíyí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì sì di ìnira. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì yà, ló máa fi hàn. Ẹ má lo antibáyótíìkì tó ṣẹ́ kù nílé. Kò ní pa kòkòrò náà tán, àmọ́ á pa á lára débi tí yàrá àyẹ̀wò kò fi ní lè sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́, dókítà á sì wá máa méfò oògùn. Bí ó bá jìn, wọ́n sábà máa ń ṣí i, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi antibáyótíìkì tẹ̀ lé e fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n sábà lè fi irin sílẹ̀ bí wọ́n bá tètè rí i.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀

Ẹni tó dùbúlẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ tí kò sì rìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa lọ́ra nínú ẹsẹ̀. Ó lè dì síbẹ̀, kí ó já, kí ó sì gba inú ọkàn lọ dí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ń dènà rẹ̀ jù ni ìrìn. Títí ẹ ó fi máa rìn dáadáa, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá lajú, ẹ fa ọrùn ẹsẹ̀ sókè kí ẹ sì tì í sísàlẹ̀ ní ìgbà 10 sí 20. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń há ẹsẹ̀ bí wọ́n bá fún yín, kí ó má ṣe ká pọ̀ lẹ́yìn orókún, torí ibi tó ká yẹn á máa so ẹsẹ̀ bí okùn. Bí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ gbà á tán.

Ẹ fi téèpù wọn ẹran ẹ̀yìn ojúgun méjèèjì, ní sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ kókó eegun tó yọ lábẹ́ orókún. Bí ọ̀kan bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 3 tóbi ju èkejì lọ, tàbí tó gbóná, tó ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ; wíwọ́ lè já ẹ̀jẹ̀ dídì náà. Bí èémí bá ṣàdédé ń kúrú, tí àyà ń dùn bí ẹ bá mí sínú, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí tí òòyì kọ́ yín ṣubú, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì.

Bí ó bá jẹ́ ọrùn ni wọ́n ṣe

Tí wọ́n bá gba iwájú ọrùn wọlé, kí oúnjẹ ṣòro gbé mì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò ṣàjèjì, nítorí pé wọ́n fa ọ̀nà ọ̀fun sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà iṣẹ́. Ohùn náà lè há. Ẹ jẹ ohun tó rọ̀, ẹ mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jókòó gangan bí ẹ bá ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọrùn tó ń wú ní wákàtí àkọ́kọ́, pẹ̀lú èémí tó ń dún tàbí itọ́ tí kò ṣeé gbé mì, ẹ̀jẹ̀ ló ń tẹ ọ̀nà èémí. Ẹ má ṣe dùbúlẹ̀, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Ohun míì tún wà tó máa ń já èèyàn láyà: láàárín ọjọ́ díẹ̀, èjìká kan kò ní lè gbé apá sókè mọ́, kò sì ní kú tó bẹ́ẹ̀. Iṣan karùn-ún ọrùn ló rọ. Ẹ sọ fún dókítà láìjáfara kí ó lè rí i dájú pé kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni agbára wọn máa ń padà láàárín oṣù díẹ̀, bí wọ́n bá ń ṣe físíò kí èjìká má bàa gan.

Oògùn, ìgbẹ́ àti orí tó dàrú

Paracetamol kò gbọ́dọ̀ kọjá gíráàmù 4 láàárín wákàtí 24 fún àgbàlagbà, ó sì yẹ kó dín sí i fún ẹni tó rù tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Ẹ ka ara páálí oògùn kejì, torí ọ̀pọ̀ oògùn ìrora ni paracetamol ti wà nínú rẹ̀. Tramadol, codeine àti morphine máa ń dín èémí kù. Bí ẹ bá da ọtí, oògùn oorun, tàbí oògùn ìrora iṣan bíi gabapentin àti pregabalin pọ̀ mọ́ wọn, oorun tí kò ṣeé jí lè dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó lo ibuprofen tàbí diclofenac, pàápàá bí wọ́n bá fi irin so eegun pọ̀, torí wọ́n lè fa ìdíwọ́ fún eegun tó fẹ́ dì.

Ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń rọ ìgbẹ́, ẹ má dúró kí ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Bí inú bá wú gbandi, tí ẹ ń bì, tí afẹ́fẹ́ kò sì jáde nídìí, ìfun ti dákẹ́ iṣẹ́ nìyẹn; ẹ padà sí ọsibítù.

Arúgbó lè máa sọ ìsọkúsọ lálẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kó má mọ ibi tó wà. Ẹ fún un ní awò ojú rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀, ẹ tan iná kékeré, kí ẹni tó mọ̀ wà nítòsí. Ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì, torí kòkòrò inú ìtọ̀ tàbí afẹ́fẹ́ tí kò tó lè wà nídìí rẹ̀.

Àwọn kan á rí i pé iwájú itan kú. Ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún wákàtí púpọ̀, pílò ìsàlẹ̀ ìbàdí sì tẹ iṣan awọ ibẹ̀. Ó sábà máa ń lọ. Bí ojú bá ṣókùnkùn tàbí tí ẹ kò rí kedere lẹ́yìn tí ẹ jí, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bó tiẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Bí ẹ ṣe máa gbé ara

Láti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: ẹ ká orókún, kí ẹ yí èjìká àti ìbàdí padà pọ̀ bí igi tó ń yí, kí ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá fi ìgbọ̀nwọ́ àti ọwọ́ ti ara sókè. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí bíbẹ̀rẹ̀, kò sí yíyí ìbàdí, kò sí ẹrù tó ju kílò 4 tàbí 5 lọ. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dìde. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un bí ara bá ṣe gbà á. Ká ṣubú ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù nílé: ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, ẹ wọ bàtà tó di gìgísẹ̀ mú, ẹ sì fi iná sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì ń lo oògùn tó ń kun oorun.

Oṣù àti ọdún

Ìrora ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, nígbà míì lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Ìrora ẹ̀yìn kì í lọ tó bẹ́ẹ̀. Kíkú ara ló máa ń kẹ́yìn, nítorí iṣan tó ti bàjẹ́ kì í hù ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ lóòjọ́, ọ̀nà sì jìn láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ti há mọ́ fún ọdún púpọ̀ lè má rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. Ó yẹ kí dókítà sọ èyí ṣáájú iṣẹ́ abẹ, torí ọ̀pọ̀ tó rò pé iṣẹ́ abẹ wọn bàjẹ́ ló jẹ́ pé ìlérí tí wọ́n gbọ́ ló ga jù.

Eegun tí wọ́n so pọ̀ máa ń gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó di ọ̀kan. Bí kò bá dì, irin nìkan ni á máa ru ẹrù ara, irin tó sì ń tẹ̀ síwá-sẹ́yìn lójoojúmọ́ á tú tàbí kó ṣẹ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nípa ìrora tó máa ń le bí ẹ bá dìde tàbí tí ẹ bá rìn pẹ́, tó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá dùbúlẹ̀. Kò sí ohun tó ń fa á bíi sìgá. Nicotine tó wà nínú rẹ̀ máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ eegun pọ̀, nítorí náà ó dára kí ẹ fi í sílẹ̀ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ má sì padà sí i títí eegun á fi dì.

Níbi tí wọn kò bá fi irin sí, oríkèé tí wọ́n ha jù lè mú kí eegun òkè máa yọ̀ síwájú. X-ray tí wọ́n yà nígbà tí ẹ wà lórí ìdúró, tí ẹ tẹ̀ síwájú tí ẹ sì tẹ̀ sẹ́yìn, ló máa fi hàn. Èyí tí wọ́n yà lórí ìdùbúlẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀. Ní ti àwọn tí wọ́n so pọ̀, oríkèé òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ ló ń gba iṣẹ́ tí èyí tí kò lè tẹ̀ mọ́ kò ṣe, ó sì lè gbó kí ó sì fún lọ́nà kan náà. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 13 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ihò tó fún fún, yálà wọ́n so eegun pọ̀ tàbí wọn kò so ó, ló ti padà fún iṣẹ́ abẹ míì láàárín ọdún mẹ́rin.

Nítorí náà bí ẹsẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí ẹ bá rìn díẹ̀, tó sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá jókòó tàbí tẹ̀ síwájú, ẹ kọ ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ lè rìn kó tó dé sínú ìwé kékeré yẹn, ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì béèrè bóyá MRI tí wọ́n máa fún yín ní abẹ́rẹ́ àwọ̀ fún ló yẹ, torí òun ló ń fìyàtọ̀ sáàárín àpá tó dì yí iṣan ká àti dísìkì tuntun tó wú. Àpá kì í sábà gbọ́ iṣẹ́ abẹ kejì. Gígé rẹ̀ máa ń dá àpá míì sílẹ̀. Dísìkì tàbí eegun tó tún hù, tí àmì inú ẹsẹ̀ sì bá ohun tí àwòrán fi hàn mu, ni iṣẹ́ abẹ kejì lè ràn lọ́wọ́.